Bí Omi Ọmú Mi Kò Ṣe Gbẹ ní Mafoluku

Nígbà tí mo ń kúrò ní Kétu, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ilẹ̀ òkèèrè ni mò ń lọ. Èdè kan náà ni, bí ìyá mi ṣe ń sọ fún àwọn ará ilé nìyẹn, ó sì ń tún un sọ bí ẹni tó ń fi tu ara rẹ̀ nínú. Ẹni tó bá lọ sí ilẹ̀ Faransé, òun ló lọ sókèèrè. Èmi, Èkó ni mò ń lọ, níbi tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, tí ọkọ mi sì ti ń dúró dè mí. Ààlà tó wà láàárín ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà, àwọn òyìnbó ló fà á. Àwa ò kà á sí.

Àwọn ará Èkó kà á sí. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo dé Mafoluku, mo lọ ra búrẹ́dì, mo sì pè é bí a ṣe ń pè é nílé, pẹ́ẹ̀ǹ, orúkọ tí a gbà lẹ́nu àwọn Faransé. Obìnrin tó ń tà á wo ẹnu mi, ó wo ẹni tó dúró lẹ́yìn mi, ó ní bó bá jẹ́ bírò ni mò ń wá, ìsọ̀ àwọn tó ń ta ìwé wà níwájú. Mo na ìka sí búrẹ́dì náà. Ẹni ẹ̀yìn mi rẹ́rìn-ín. Kò fi ṣe mí láburú, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni mo ti ń rò ó kí n tó la ẹnu.

Bí wọ́n bá bi mí níbi tí mo ti wá, tí mo ní Kétu, wọ́n á ní ṣé Kétu ti ọ̀nà Ìkòròdú ni. Bí mo bá ní rárá, Kétu tiwa, tòdìkejì ààlà, wọ́n á ní, “Háà, ará Kútọnu ni yín.” Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo ti dé Kútọnu láyé mi. Síbẹ̀, Ìyàwó Kútọnu ni wọ́n ń pè mí nínú ilé tí a háyà títí mo fi bímọ.

Ohun mìíràn tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni ọkọ̀ òfurufú. Ẹ́pọ́ọ̀tù kò jìnnà sí wa. Bí bàálù bá ń kọjá lórí páànù, èmi á dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀, màá dúró kó lọ tán. Àwọn tó kù kì í dúró. Ńṣe ni wọ́n kàn máa ń gbé ohùn sókè, wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo máa ń wò wọ́n, mo máa ń sọ lọ́kàn mi pé ọjọ́ tí èmi náà bá gbé ohùn sókè láìmọ̀, ọjọ́ náà ni mo dé.

*

Wẹ́dà ni ọkọ mi. Nígbà tí oyún mi pé oṣù mẹ́fà ni iṣẹ́ ńlá kan yọjú fún un ní Pọtakọ́tì, ó sì lọ. Kì í ṣe pé ó sá. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, bí wọ́n bá ti jáde ṣọ́ọ̀ṣì, ó máa ń pè, ó sì máa ń fi nǹkan ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohùn kò lè gbé ọmọ lọ́wọ́.

Iṣẹ́ tèmi, ní yàrá ìfọṣọ họ́tẹ́ẹ̀lì kan nítòsí ẹ́pọ́ọ̀tù ni. Aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì, tówẹ́ẹ̀lì, aṣọ àwọn àlejò. À ń fọ̀ wọ́n, à ń lọ̀ wọ́n, à ń ká wọn. Ooru ibẹ̀ pọ̀. Mo ṣe iṣẹ́ náà títí di ọ̀sẹ̀ tí mo bí Mojísọ́lá. Ọmọ náà pé oṣù mẹ́ta nígbà tí Àǹtí Fúnkẹ́, ọ̀gá wa ní yàrá ìfọṣọ, ránṣẹ́ pé bí n kò bá padà lọ́jọ́ Ajé, wọ́n á gba ẹlòmíràn sípò mi.

Mi ò ní ìyá nítòsí, mi ò ní ìyá ọkọ. Ẹni kan ṣoṣo tí mo lè bá sọ ọ́ ni Màmá Tíṣà, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ọmọ Ìkéré-Èkìtì ni Màmá. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Èjìgbò ni wọ́n ti kọ́ ọmọ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ tiwọn sì ti fọ́n káàkiri. Màmá ni wọ́n wẹ Mojí fún mi ní gbogbo oṣù àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá ń bá mi sọ̀rọ̀, Yorùbá inú ìwé ni. Bí wọ́n bá ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, Èkìtì ni, mi ò sì gbọ́ ju ìdajì lọ.

Mo ṣàlàyé fún wọn. Wọn ò jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

“Gbé e sílẹ̀ fún mi,” ni wọ́n wí. “Àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní ábídí kò lóǹkà. Ọ̀kan péré kò lè dá mi lágara.”

Mo lọ sí ọjà Òṣòdì lọ́jọ́ Sátidé, mo ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń fún omi ọmú, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ tẹ̀, pẹ̀lú ike mẹ́rin àti kúlà kan. Ohun tí mo pinnu ni pé ọmọ mi kò ní mu nǹkan mìíràn ju ọmú lọ títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà. Bẹ́ẹ̀ ni nọ́ọ̀sì wí nígbà tí mo bí i, ó sì wà lára ìwọ̀nba ohun tí ẹnikẹ́ni sọ fún mi ní Èkó tó yé mi yékéyéké.

*

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ike méjì ló ń kún kí n tó kúrò níbi iṣẹ́. Ọmú máa ń dà sí mi láṣọ bí mo bá ń lọ aṣọ, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ á sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àkókò oúnjẹ ọ̀sán nìkan ni mo láǹfààní láti fún un. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ni mo ti ń ṣe é. Ìkọ́ ilẹ̀kùn ibẹ̀ ti já, nítorí náà mo máa ń fi ẹsẹ̀ kan ti ilẹ̀kùn, màá fi ọwọ́ kan di ọmú mú, màá fi èkejì tẹ ẹ̀rọ. Bí ẹnì kan bá kanlẹ̀kùn, omi ọmú á dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀, bí ẹni pé òun náà gbọ́.

Mo bẹ Àǹtí Fúnkẹ́ pé kí wọ́n jẹ́ kí n máa lọ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Wọ́n ní àlejò kò ní sùn sórí bẹ́ẹ̀dì òfìfo nítorí pé mo bímọ. Wọn ò fi ìbínú sọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ni wọ́n sọ.

Lọ́sẹ̀ kẹta, ike kan. Lọ́sẹ̀ karùn-ún, ìsàlẹ̀ ike ni mò ń rí. Ẹ̀rọ náà sì ń dùn mí. Orí ọmú mi pọ́n, ó bó. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí àkókò bá kọjá tí mi ò fún un, àyà mi á le bí òkúta, á máa gbóná. Nígbà tó yá, kò le mọ́. Inú mi dùn pé ara ti tù mí, mi ò mọ̀ pé àmì burúkú ni. Ara kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun tí a kò bá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kì í pèsè é.

Mo mu ẹ̀kọ gbígbóná, mo mu omi títí inú mi fi ń dún. Ẹnì kan ní kí n mu ẹmu, mo mu ún, oorun ló ń kùn mí níbi iṣẹ́.

*

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni ìyá mi máa ń pè láti Kétu. Kí wọ́n tó béèrè àlàáfíà mi, wọ́n á ní, “Ọmú ńkọ́?” Mo máa ń parọ́ pé ó ń dà dáadáa. Nígbà tí mi ò lè parọ́ mọ́, mo sọ òótọ́.

Wọn ò bínú. Wọ́n ti ro tiwọn sílẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń bọ̀ wá ra ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Èkó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sígbà náà. Kí n di ẹrù Mojí, kí ẹ̀gbọ́n mi gbé e bọ̀. Wàrà inú agolo wà ní Kétu, ilé wà, ọwọ́ tó máa gbé e pọ̀. Èmi á lè ṣiṣẹ́ mi ní ìrọ̀rùn.

Ọ̀rọ̀ náà kò burú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Gàbọ́ọ̀ǹ. Ọmọ náà ń gbé lọ́dọ̀ ìyá mi, ó sanra, ó ń lọ sílé ìwé, ó mọ ìwà. Ṣùgbọ́n mo rántí ọjọ́ kan tí ẹ̀gbọ́n mi pè láti ọ̀hún, tí ọmọ náà, ẹni ọdún mẹ́fà, gbé fóònù wá bá ìyá mi nínú ọgbà, tó ní, “Ìyá, obìnrin inú fóònù ló ń pè.” Gbogbo wa rẹ́rìn-ín nígbà náà. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mi ò tíì bímọ.

Mo sọ fún ìyá mi pé mo gbọ́. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sì sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní tòótọ́, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka aṣọ tí màá dì fún un.

*

Lọ́jọ́ tí mo gbé Mojí lọ wọ̀n ní sẹ́ńtà ìlera àdúgbò, nọ́ọ̀sì tó wà lórí ìwọ̀n wo nọ́ńbà náà, ó wo káàdì, ó tún ọmọ náà gbé sórí ìwọ̀n. Láti oṣù tó kọjá, kò fi nǹkan kan kún un. Obìnrin sísanra ni nọ́ọ̀sì náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ó bi mí ohun tí ọmọ ń mu yàtọ̀ sí ọmú. Mo ní kò sí. Ó bi mí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ lọ́sàn-án. Mo sọ fún un. Ó wò mí pẹ́ díẹ̀, ó ní, “Lọ wò ó dáadáa,” kò sì ṣàlàyé.

Lẹ́yìn náà ló fi sùúrù kọ́ mi. Ó ní kí n má dúró kí ọmú kún kí n tó fún un. Wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, bó kún bí kò kún, ọmú méjèèjì. Kí n fi aṣọ tí mo rì bọ omi gbígbóná lé e, kí n fi ọwọ́ pa á láti òkè wá sísàlẹ̀. Kí n fún ọmọ lọ́mú kí n tó jáde láàárọ̀, kí n sì fún un bí mo bá ti wọlé, kí n tó bọ́ bàtà. Ní òpin ọ̀sẹ̀, kí n bọ́ aṣọ ọmọ àti tèmi, kí n gbé e lé àyà, kí ó máa mu nígbàkúùgbà tó bá fẹ́.

“Ṣé ẹ̀rọ náà ń dùn ọ́?”

Mo ní ó ń dùn mí.

“Kò yẹ kó dùn ọ́. Wo ẹnu ẹ̀rọ náà, ó lè máà bá ọmú rẹ mu.”

Ìwé kékeré kan wà nínú páálí ẹ̀rọ náà tí mi ò ṣí rí. Gẹ̀ẹ́sì ni mo rò pé ó jẹ́, bíi gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ sára nǹkan ní Èkó, èmi sì rèé, Faransé ni mo fi ka ìwé. Lọ́jọ́ náà mo ṣí i. Èdè bíi mẹ́wàá ló wà níbẹ̀. Ẹ̀kẹta ni Faransé.

Mo jókòó sórí ẹní, mo kà á láti òkè délẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni. Ó ní ẹnu ẹ̀rọ tó bá fẹ̀ jù kì í fà dáadáa, ó sì máa ń ṣe orí ọmú léṣe. Pé òrùka rọ́bà méjì wà nínú páálí tí èèyàn lè tì bọ inú rẹ̀ kó lè kéré. Mo tú páálí sílẹ̀. Òrùka méjèèjì wà nínú ọ̀rá tí mo ti fẹ́ sọnù. Mo ti ọ̀kan bọ̀ ọ́, mo gbé e lé ọmú. Kò dùn mí.

Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti wà ní Èkó nígbà náà. Mo ti fi gbogbo àkókò yẹn rò pé èdè tí mo kọ́ nílé ìwé kò wúlò fún mi mọ́, pé ẹrù tí mo gbé kọjá ààlà lásán ni. Inú páálí ẹ̀rọ ìfúnmú ni mo ti kọ́kọ́ rí iṣẹ́ tó ṣe fún mi.

*

Kò ju ọjọ́ mẹ́rin lọ lẹ́yìn ìyẹn tí mo gbọ́ Faransé nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ họ́tẹ́ẹ̀lì. Obìnrin kan tó wá láti Àbíjáǹ ló ń sọ̀rọ̀ tìbínú-tìbínú. Aṣọ léèsì funfun tó fi ránṣẹ́ sí wa fún lílọ̀ kò tíì padà, ó sì fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sí ibi ìgbéyàwó. Àǹtí Fúnkẹ́ dúró níwájú rẹ̀, wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Mo gbé aṣọ tí mò ń ká sílẹ̀, mo kí obìnrin náà, mo bi í nọ́ńbà yàrá rẹ̀ àti bí aṣọ náà ṣe rí. Mo mọ aṣọ náà. Èmi ni mo lọ̀ ọ́. Yàrá òkè ni wọ́n gbé e lọ dípò ti ìsàlẹ̀. Mo lọ mú un wá. Obìnrin náà di ọwọ́ mi mú, ó ní láti ọjọ́ tí òun ti dé, ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bá òun sọ̀rọ̀ ni. Mo mọ ohun tó ń sọ.

Nígbà tí a padà sí yàrá ìfọṣọ, Àǹtí Fúnkẹ́ wò mí bí ẹni tí wọn ò rí rí.

“O gbọ́ Faransé, o wá dákẹ́ látọjọ́ yìí?”

Mo ní kò sẹ́ni tó bi mí. Mo sì mọ̀ pé bí mi ò bá sọ tèmi ní wákàtí yẹn, mi ò ní sọ ọ́ mọ́. Mo ní nígbàkúùgbà tí wọ́n bá nílò Faransé, kí wọ́n pè mí. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni ilẹ̀kùn tó ṣeé tì, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Àǹtí Fúnkẹ́ ká tówẹ́ẹ̀lì bíi mẹ́ta, wọ́n tò wọ́n. Lẹ́yìn náà wọ́n sọ fún mi pé ọmọ mẹ́rin ni àwọn bí, pé àwọn ò tíì lò ju oṣù kan lọ lẹ́yìn ọmọ kejì kí àwọn tó padà sẹ́nu iṣẹ́, pé kò sẹ́ni tó fún àwọn ní ilẹ̀kùn kankan, ọmú àwọn sì gbẹ kí ọmọ tó lè gbé orí dúró. Mo rò pé wọ́n fẹ́ fi ìyẹn sọ pé kí èmi náà fara dà á. Kọ́kọ́rọ́ yàrá tí a ń kó aṣọ mímọ́ sí ni wọ́n yọ fún mi.

*

Láti ọjọ́ náà, omi ọmú bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n mo ń rí i bó ṣe ń gun ike. Ohun tí kò yé mi ni Mojí. Bí mo bá délé tí mo gbé e sọ́mú, á fi ẹnu kàn án, á fà á díẹ̀, á sì yí ojú kúrò. Inú rẹ̀ á yó gbindin, apá rẹ̀ á sì tín-ín-rín. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ ti pé. Sátidé ni yóò dé.

Lọ́jọ́bọ̀, ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná fún wa níbi iṣẹ́ bàjẹ́, wọ́n ní ká máa lọ sílé. Ọ̀sán gangan ni. Mo wọlé láìpariwo, nítorí mo rò pé ọmọ ń sùn. Ilẹ̀kùn Màmá Tíṣà ṣí sílẹ̀, kọ́tìnnì ló bò ó. Wọ́n jókòó sórí àga, Mojí wà lórí itan wọn, wọ́n ń fi ṣíbí bu omi fún un láti inú kọ́ọ̀bù. Agolo gúlúkóòsì wà lórí tábìlì. Mo ṣí fíríìjì wọn. Ike tí mo gbé sílẹ̀ láàárọ̀ wà níbẹ̀ bí mo ṣe gbé e sí.

“Màmá, omi ọmú tàná ńkọ́?”

Wọn ò purọ́ fún mi. Wọ́n ní àwọn dà á sí ibi ìfọwọ́. Tàná, àti tìjẹta, àti ti gbogbo ọjọ́ tó ti wà ṣáájú rẹ̀. Omi tí àwọn sè tó hó dáadáa, tí àwọn fi gúlúkóòsì sí, ni àwọn ń fún un, àti ẹ̀kọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bó bá sunkún.

Mo ronú kan gbogbo ìgbà tí mo dúró ti ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, orí ọmú bíbó, àti ike tí mò ń gbé bọ̀ láti ibi iṣẹ́ bí ẹyin. Mo la ẹnu láti sọ ohun tí a kì í sọ sí àgbà. Màmá Tíṣà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Ọmọ mi kejì, nínú ike ni wọ́n ti fún un ní wàrà,” ni wọ́n wí. “Mo lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nílé ìwé, mo gbé e ti obìnrin kan. Wàrà náà ti kan. Ọjọ́ méjì ló fi ṣe ìgbẹ́ gbuuru. Ì bá ti tó ẹni àádọ́ta ọdún báyìí. Ohun tó bá ti sùn nínú ike, ọwọ́ mi ò lè gbé e sí ọmọ lẹ́nu, Ìyá Mojí. Mo gbìyànjú ẹ̀. Ọwọ́ mi ò gbà.”

Mo jókòó sílẹ̀. Ìbínú náà kò lọ, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí yóò bà sí mọ́. Obìnrin tó ń ba gbogbo làálàá mi jẹ́ láti oṣù méjì, òun náà ni ẹnì kan ṣoṣo ní gbogbo Èkó tó ń ṣọ́ ọmọ mi kó má kú.

Mo gbé ike àárọ̀ náà jáde, mo gbé e sínú omi gbígbóná títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo dà á sínú kọ́ọ̀bù, mo mu díẹ̀ níwájú wọn, mo sì na kọ́ọ̀bù náà sí wọn. Màmá gbà á. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n pa ojú dé, wọ́n tún tọ́ ọ wò.

“Ó dùn,” ni wọ́n wí, bí ẹni tí kò retí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá di tíṣà. Wọ́n bi mí pé wákàtí mélòó ló lè lò nínú fíríìjì. Bí iná bá lọ ńkọ́? Nínú kúlà ńkọ́? Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ pé ó ti bàjẹ́? Mo mú ìwé inú páálí wá, mò ń túmọ̀ rẹ̀ láti Faransé sí Yorùbá, wọ́n ń kọ ọ́ sínú ojú ewé kan tí wọ́n ya nínú ìwé ọmọ ilé ìwé, pẹ̀lú àmì lórí gbogbo ọ̀rọ̀. Bí Yorùbá tèmi bá yapa, wọ́n á tún un ṣe, wọ́n á kọ tiwọn. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. A fi ẹnu kò pé ara ike kọ̀ọ̀kan ni màá máa kọ aago tí mo fún un sí, pé èyí tó bá kọjá aago rẹ̀, kí wọ́n dà á nù, mi ò ní bínú. Ti omi àti gúlúkóòsì ló ṣòro jù. Wọ́n ní gbogbo àwa náà ni wọ́n fún lómi, a ò sì kú. Mo rán wọn létí ìwọ̀n náà. Wọ́n gbé apá Mojí sókè, wọ́n wò ó, wọ́n sì gbé agolo náà kúrò lórí tábìlì.

*

Kí ìyá mi tó pè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo pè wọ́n.

“Ìyá, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi wá gbé Mojí. Kò ní bọ̀.”

Wọ́n ní, “Ṣé a ṣẹ̀ ọ́ ni?”

“Ẹ ò ṣẹ̀ mí. Mi ò fẹ́ di obìnrin inú fóònù ni.”

Wọ́n ní ó dáa, wọ́n sì gé fóònù. Lọ́jọ́ Ẹtì, wọn ò pè. Mo pè, wọn ò gbé e. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn látìgbà tí mo ti kúrò nílé tí ìrọ̀lẹ́ lọ láìgbọ́ ohùn ìyá mi. Mo rò pé bóyá báyìí ni èèyàn ṣe ń kúrò nílé gan-an. Pé kì í ṣe ọjọ́ tí mo kọjá ààlà ni mo kúrò.

Ẹ̀gbọ́n mi dé ní Sátidé pẹ̀lú ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó rà. Ó jẹun, ó gbé Mojí jó díẹ̀, kò bi mí léèrè kankan. Nígbà tó fẹ́ máa lọ ló yọ ọ̀rá kan jáde nínú báàgì. Ẹja gbígbẹ ni, àti ata gígún, èyí tí ìyá mi fúnra wọn gún, tí wọ́n máa ń fi se ọbẹ̀ fún abiyamọ. Mo bi í pé kí ni wọ́n wí. Ó ní wọn ò wí nǹkan kan, wọ́n kàn ní kí òun má gbàgbé rẹ̀ sínú ọkọ̀.

Mo se ọbẹ̀ náà. Sátidé náà àti ọjọ́ Ìsinmi, mo bọ́ aṣọ Mojí, mo gbé e lé àyà, a ò jáde. Ó ń mu, ó ń sùn, ó ń jí, ó ń mu. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ó ń yí ojú bó ti máa ń ṣe. Mi ò fi ipá mú un. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, òun fúnra rẹ̀ ló ń wá a. Ọkọ mi pè láti Pọtakọ́tì, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó ní òun ì bá ti wà níbẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Omi ọmú kò padà lọ́jọ́ kan. Ó gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ike tó kún bíi ti àtẹ̀yìnwá, àwọn ọjọ́ kan sì wà tí mo jókòó láàárín aṣọ mímọ́ ní yàrá tí mo tì pa, tí n kò rí ju ṣíbí méjì lọ. Mo máa ń fún un bẹ́ẹ̀ náà. Nígbà tí a tún gbé Mojí lọ sórí ìwọ̀n, Màmá Tíṣà bá mi lọ, wọ́n sì dúró ti nọ́ọ̀sì náà bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò. Nọ́ọ̀sì wo nọ́ńbà, ó kọ ọ́ sí káàdì, ó ní, “Ó dáa,” ó sì pe ẹni tó kàn. Màmá Tíṣà gba káàdì náà lọ́wọ́ mi, wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà.

*

Mojí ti lé lọ́mọ ọdún kan àtààbọ̀ báyìí. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọmú sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ìrẹsì Màmá Tíṣà ṣe ń wù ú sí i. Ọkọ mi ti dé láti Pọtakọ́tì. Mo ṣì ń ṣiṣẹ́ ní họ́tẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, iwájú ni mo máa ń wà, níbi tí wọ́n ti ń gba àlejò, nítorí Faransé. Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ohùn sókè bí bàálù bá ń kọjá. Ọkọ mi ló pe àkíyèsí mi sí i.

Bí ẹnì kan bá bi mí níbi tí mo ti wá, Kétu ni mo ṣì ń wí, mo sì ṣì ń ṣàlàyé Kétu wo ni. Mi ò rò pé ìdáhùn náà yóò yí padà. Ohun tó yí padà ni pé kì í dùn mí mọ́ láti ṣàlàyé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù bí mo ṣe wọ yàrá Màmá Tíṣà láti mú ọmọ. Mojí gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ìyá mi kí i, wọ́n ki oríkì rẹ̀, wọ́n bi í pé níbo ló ń lọ pẹ̀lú bàtà tó ń dún lẹ́sẹ̀ rẹ̀ yẹn.

“Ulé,” ni Mojí wí.

Ìyá mi bi mí pé kí ló wí.

“Ilé ni, Ìyá. Bí àwọn Èkìtì ṣe ń pè é nìyẹn. Ó ní òun ń lọ sílé.”

Mo gbọ́ tí ìyá mi pe ọ̀rọ̀ náà fúnra wọn, lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kọ́ ọ.